Ọjọ́ Tí Alhaja Gba Ìwé Lọ́wọ́ Wa

N kò lè gbàgbé ọjọ́ Ajé tí Alhaja Sídíkátù, olùkọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn nọ́ọ̀sì, gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo wa. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n ní, "Ẹ kọ ohun tí ẹ rántí nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá."

Ìlà mẹ́ta péré ni mo rí kọ. Inú bí mi. "Mà, ẹ̀ẹ̀meje ni mo ka ìwé yẹn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ojú ẹ ló mọ̀ ọ́n, kò tíì wọ orí ẹ. Tún un rò."

Mo rò ó títí òógùn fi bò mí. Àfi bí ìlà kẹrin ṣe yọ, ìkarùn-ún tẹ̀ lé e, ni ojú ìwé bá kún! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Ìgbà náà ni mo rántí áfáà tó kọ́ wa ní kéwú ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n máa ń fọ ohun tí a kọ sára wàláà, pátákó tí a fi ń kéwú, nù kí wọ́n tó ní ká kà á jáde. Ìkà là ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn súrà yẹn ò kúrò lórí mi títí dòní.

Alhaja dá ìwé wa padà lẹ́yìn kíláàsì. Bí mo ṣe délé, mo gbé ìwé mi fún ìyá mi.

"Mọ́mì, ẹ bá mi gbé e pamọ́. Bí mo bá bẹ̀ yín, ẹ má fún mi o, àfi tí mo bá kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láti orí fún yín."