Ó Ti Pẹ́, Yóò Pẹ́: Bí Mo Ṣe Yan Táyà ní Banjul

Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi jẹ́wọ́: èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yan táyà tó dá ẹsẹ̀ Làsísì. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ọ̀tá. Èmi yìí náà ni, pẹ̀lú ojú méjèèjì tó ríran kedere.

Banjul ló ti ṣẹlẹ̀, lásìkò tí orúkọ yẹn ò tíì mọ́ wa lẹ́nu, tí a ṣì máa ń ṣèèṣì pe ìlú náà ní Bathurst. Mo ń ta àwo tánńganran àti àgádágodo ní ọjà Albert. Làsísì, ọmọ Ìsẹ́yìn, ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Àbúrò ni mo mú un, òun náà sì ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n.

Mo ní alùpùpù kan nígbà náà. Ńlá ni! Òyìnbó kan tó ń padà sílé ló tà á fún mi lẹ́yìn tó ti lò ó gbó. Wọ́n ní irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn nílùú wọn, tí wọ́n á máa sá eré bí ẹni tí ẹfọ̀n ń lé. Èmi ńkọ́? Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Oníkẹ̀kẹ́ ológeere máa ń yà mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà, á tún bojú wẹ̀yìn kí mi. Làsísì a máa ní bí òun bá jókòó sẹ́yìn mi, òun lè rán ọwọ́ ẹ̀wù kan tán ká tó dé Serekunda.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn nígbà tí mo rí i pé táyà iwájú ti jẹ tán, ó ń dán bí orí apárí. Iléyá, tí wọ́n ń pè ní Tobaski níbẹ̀, ti ń kanlẹ̀kùn. Ìdílé ńlá kan ní Brikama ránṣẹ́ pe Làsísì kó wá wọn àwọn fún aṣọ ọdún, èmi ni mo sì máa gbé e lọ. A bá jọ lọ wá táyà.

Pa Samba, àgbàlagbà Wolof kan tó ń ta irin àti táyà, fi méjì hàn wá. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà gbọọrọ gbọọrọ ló wà lára rẹ̀ bí ojú ẹni tó kọ gọ̀ǹbọ́. Èkejì sanra, eyín rẹ̀ tò wàràwàrà bí eyín ọ̀nì. Ẹ sọ òótọ́: bí ẹ bá jẹ́ ojo bíi tèmi, tí ọ̀nà sì tutù, èwo lẹ máa mú? Mo ní ẹlẹ́yín ni tèmi. Ohun tó léyín ló lè gé títì jẹ!

Pa Samba fọwọ́ kan ẹlẹ́yín náà, ó mirí, ó ní, “Yag na.” Ó wá tọ́ka sí èyí tó kọlà, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i tí mi ò gbọ́.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ “yag”! Kí ló wà nínú “yag” tí mi ò mọ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń ta àwo. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, màá fìka kan ìdí àwo kó dún, màá ní, “Yag! Yag!” Èyíinì ni pé ó máa pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá yíjú sí Làsísì, mo ní ṣé ó gbọ́, bàbá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé yóò pẹ́.

Làsísì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ pé yóò pẹ́, kí ni wọ́n wá ń mirí sí? Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n sáré pe Tíṣà.”

Tíṣà ni obìnrin Aku, ọmọ ìran àwọn tó ti Sàró wá, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Wọ́n bí i síbẹ̀, ó gbọ́ Wolof bí omi. Òun ló máa ń kí wa ní “Kúṣẹ́!” láàárọ̀, lọ́sàn-án, àní bí o bá na ara sílẹ̀ tí o ń sùn.

Mo ní, “Dúró de ta ni? Ọdún keje rèé tí mo ti ń jẹ ìrẹsì wọn nílùú yìí, kí ni Tíṣà fẹ́ sọ fún mi?” Ní ti mímirí bàbá, mo ti túmọ̀ ẹ̀ lọ́kàn ara mi. Ó fẹ́ ta èyí tó wọ́n jù fún mi ni. Àwa ọlọ́jà la mọ ara wa!

Mo ra ẹlẹ́yín. Ẹni tó bá wa wọ̀ ọ́ mọ́ ríìmù làágùn yọ̀bọ̀. Táyà náà le, kò fẹ́ tẹ̀. Làsísì tún ní kí n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Mo ní nǹkan gidi ló máa ń le. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà!

Ọjọ́ kejì ni a mú ọ̀nà Brikama pọ̀n. Òjò ti rọ̀ dá, títì ń dán. A ń sún mọ́ afárá Denton nígbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tó ń fa ẹrù níwájú wa ṣàdédé dúró. Mo fún bíréèkì. Ọmọ táyà kò dúró o! Ó ń yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ ilá.

Kí ni mo wá ṣe? Ó yẹ kí n di alùpùpù mú. Mo fò! Mo fò bí ọ̀pọ̀lọ́, mo já sínú ẹrẹ̀, n kò fi ibì kankan ṣèṣe. Irin ńlá yẹn dá wó lé Làsísì. Nǹkan kan dún. Mo ní kó jẹ́ irin ló dún.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ màṣíìnì ìránṣọ.

Ní ọjọ́ kẹta, mo tú táyà náà, mo ń yí i lọ bá Pa Samba. Mo mú Tíṣà dání kó lè bá mi bú bàbá náà délẹ̀délẹ̀. Mo ní kó bi í, kí ló dé tó fi parọ́ fún mi?

Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ pẹ́. Bàbá mú táyà, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Tíṣà wá kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Na so i tel yu, bo.” Pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá ṣe sọ fún mi. “Yag na,” ó ti pẹ́. Ó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ti gbẹ ẹ́. Èyí tó kọlà ni tuntun, iwájú náà ni wọ́n sì dìídì ṣe é fún. Bó bá jẹ́ pé yóò pẹ́ ni, “dina yag” ni bàbá ì bá wí.

Ó ti pẹ́. Yóò pẹ́. Ẹ wò ó, bí a ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn! “Pẹ́” kan náà ni mo gbámú, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Pa Samba ò bú mi. Ó kàn ń béèrè pé báwo ni ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ìyẹn tún dùn mí ju èébú lọ.

Wọ́n ṣe ọdún, ó tán. Télọ̀ mìíràn ló rán aṣọ ará Brikama. Ẹsẹ̀ Làsísì jiná, ṣùgbọ́n ó jiná ní wíwọ́. Ẹsẹ̀ òsì ló wá ń fi tẹ màṣíìnì, á na ọ̀tún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí igi ìdáná. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù mi: á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á dúró, á tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Kí ni mo rí kọ́? Bí o bá fẹ́ ra táyà, fi èékánná tẹ̀ ẹ́, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, má jẹ́ kí eyín rẹ̀ tàn ọ́. Bí èdè kò bá yé ọ, dúró. Ẹni tí kò gbọ́ rárá á béèrè. Àwa tá a gbọ́ díẹ̀ là ń pa ọmọ ọlọ́mọ lára. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gbọ́ ra wàhálà bíi tèmi? Ẹ má tijú, ẹ bá mi sọ ọ́, kó má jẹ́ èmi nìkan ni màá dá jókòó síbí.

Èmi ò yé bẹ Làsísì. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ọsibítù, mo bẹ̀ ẹ́ nílé, mo dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi ní gbangba ọjà. Lọ́jọ́ kan tí mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bẹ̀ ti tó. Ọjọ́ tí mo ní kí ẹ dúró ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ tèmi.”