Oorun tí a gbà lójú Màmá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo parí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn. Ẹnu mi gan-an ò yá láàárín èèyàn. Kí n tó la ẹnu, ọ̀rọ̀ á ti kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ tí a gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà ṣì ń bà mí lẹ́rù títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Màmá ni ìyá tó bí ìyá mi. Ìyá mi ti kú, ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, ní abúlé wa létí ọ̀sà, lẹ́yìn Ajah. Ẹja ni wọ́n ń yan. Ìgbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà màrosẹ̀ ni mò ń sọ, tí tírélà oníyanrìn ń kọjá láti àárọ̀ di alẹ́, tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń yọ níbi tí a ti ń ṣẹ́gi. Àwọn olówó Lẹ́kkí Phase 1 á gbé mọ́tò wọn wá ra ẹja Màmá.

Lọ́jọ́ kan mo pọnmi dé, mo bá Màmá níwájú ààrò. Iná ń jó gidi. Wọ́n ń fi ọwọ́ yí ẹja padà lórí irin, wọ́n ń fẹ́ ìka wọn bí èyí tó gbóná. Kò sí ẹja kankan lórí irin náà.

Mo ní, "Màmá, kí lẹ ń yan?"

"Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? O ò rí ẹja?"

Ẹja tí a rà láàárọ̀ wà nínú agbọ̀n lẹ́yìn ilé, eṣinṣin ti bò ó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìyá mi pè mí. Mo máa ń jẹ́ ẹ.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Màmá. Jákàńdè ni wọ́n ń gbé nígbà náà. Ìjọ aláṣọ funfun ni gbogbo wa ń lọ, Àǹtí sì lọ bá wòlíì. Wòlíì ní òun rí i pé ojú oorun ni ọ̀tá ti ń wọlé sí Màmá lára, pé ó ń jí iyè wọn kó díẹ̀díẹ̀. Bí wọn ò bá sùn, ọ̀tá ò ní rí ọ̀nà.

Bí Àǹtí ṣe kó wá sọ́dọ̀ wa nìyẹn, pẹ̀lú àbẹ́là àti agogo. Bí Màmá bá ti tòògbé, a ó lu agogo sí wọn létí, a ó kọrin, a ó fi omi àdúrà nù wọ́n lójú. Èmi àti Àǹtí ń gbà á fún ara wa. Ìfẹ́ ni a fi ṣe é. Àǹtí ò sanra mọ́, ojú wọn pọ́n, síbẹ̀ wọn ò ráhùn rí.

Ṣùgbọ́n Màmá ń burú sí i. Wọ́n ń bá ògiri jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n rìn lọ sí ojú màrosẹ̀, awakọ̀ tírélà kan ló sọ̀ kalẹ̀ tó fà wọ́n kúrò lọ́nà. Orúnkún wọn bó yánnayànna. Tìtorí orúnkún yẹn ni a fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ajah.

Obìnrin ni dókítà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó di orúnkún tán, ó bá Màmá sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà. Màmá ní, "Ilé rẹ ni mo wà. O ò sì tíì fún mi lóúnjẹ." Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó wá bi Àǹtí pé, "Ṣé wọ́n ń sùn dáadáa?"

Àǹtí gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yìn. "Dókítà, wọn kì í sùn rárá. A kì í jẹ́ kí wọ́n sùn."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo Àǹtí, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n kí ni?"

Nígbà tí Àǹtí ṣàlàyé tán, ojú dókítà ti yí padà. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa. Ó ní àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú ò lè rí ni wọ́n fi mọ ara èèyàn, wọ́n ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì. Ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbá ilé ara rẹ̀. Ohun tó bá gbó nínú rẹ̀, á kó o jọ, á jẹ ẹ́, á fi èyí tó ṣì dára níbẹ̀ ṣe tuntun. Ó ní nínú ọpọlọ ẹni tí irú àìsàn ìgbàgbé yìí bá ń ṣe, gbígbá yẹn máa ń falẹ̀, ìdọ̀tí á máa kó jọ, títí sẹ́ẹ̀lì á fi máa kú. Ó ní àwọn tó ń ṣèwádìí ò tíì mọ gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé ìgbà tí a bá sùn ni ọpọlọ máa ń ráyè kó púpọ̀ nínú ìdọ̀tí rẹ̀ dànù.

Mo wo orí Màmá, irun funfun tí mo máa ń dì. Mo ti ń rò pé ẹnì kan ló ń jí nǹkan kó níbẹ̀. N ò mọ̀ pé ńṣe ni nǹkan ń pọ̀ jù níbẹ̀, tí a sì ń lu agogo lé ẹni tó yẹ kó gbá a.

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. "Ẹ̀yin dókítà! Ta ló ń gbálẹ̀ lálẹ́? Ṣé ọpọlọ ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni?"

Màmá, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà, dá sí i kíá: "Ẹni bá gbálẹ̀ lálẹ́, oríire rẹ̀ ló ń gbá sóde."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo lè bi dókítà. "Tí wọ́n bá sùn, ṣé wọ́n á padà bọ̀ sípò?"

"Rárá, àbúrò. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Oorun ò lè wò ó sàn. Ṣùgbọ́n àìsùn lè tètè bà wọ́n jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá yìí sùn."

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí a gbé padà, Àǹtí tẹjú mọ́ màrosẹ̀ títí a fi yà kúrò níbẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ìwé ni dókítà kà, kò ríran. Wòlíì ti ní kí a gbé Màmá wọ ilé àdúrà lọ́la, títí oṣù á fi parí. Àwọn tó pọ̀ ni yóò máa ṣọ́ wọn níbẹ̀, wọn ò ní rí àyè sùn." Wọ́n ní àwọn á sùn ní Jákàńdè, pé kí n jí Màmá, kí n wọ aṣọ fún wọn, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ọkàn mi ń sọ pé bí wọ́n bá gbé Màmá wọbẹ̀, wọn ò ní dá èyí tó kù nínú wọn padà fún wa mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà. Màmá ń sùn. Mo rọra jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo fẹ̀yìn tì í. Àǹtí dé nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà.

"Ṣé Màmá ti múra?"

"Wọ́n ń sùn, mà."

"Jí wọn."

Mi ò dìde. Àǹtí pe orúkọ mi, wọ́n tún un pè. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Nígbà tí wọn ò pè mí mọ́, ohùn híhanrun Màmá ń la pákó ilẹ̀kùn kọjá, ó wúwo, ó ń lọ, ó ń bọ̀. A ò tíì gbọ́ ọ láti ìgbà tí Àǹtí ti gbé agogo wá.

Àǹtí dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọ́n yíjú sí oníkẹ̀kẹ́, wọ́n ní, "Pa ẹ́ńjìnnì yẹn."

Mo sún díẹ̀ kí wọ́n ráyè jókòó.