Oyè Dírẹ́tọ̀ àti Òwú Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí ohunkóhun padà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ òwú wa nítòsí Atakpamé, tí ọ̀gá wa sì yí i nítorí oyè. Ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ dé láti Lomé ni mí nígbà náà. Mo máa ń wọ ẹ̀wù funfun lọ síbi iṣẹ́, àwọn ará Agbonou sì máa ń kí mi ní nọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà. N kò jẹ́ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ni mò ń tọ́jú. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ju kó tẹ orúkọ àwọn abúlé sórí ìwé lọ, kí àwọn awakọ̀ kámíyọ̀ lè mọ ibi tí wọn yóò ti lọ kó òwú. Abúlé tí kò bá sí níbẹ̀, òwú rẹ̀ yóò wà ní gbangba.

Lọ́dún yẹn, ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀. Ẹnjiníà tó fẹ́ gbé e wá ti ṣe ẹ̀dà ètò inú ti àtijọ́ lọ sí Lomé. Ó kìlọ̀ pé títí òun yóò fi padà, kí a má fọwọ́ kan ètò náà, nítorí ohun tí a bá yí lẹ́yìn òun kò ní bá òun dé inú ẹ̀rọ tuntun. Ó fi Faransé kọ ọ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn kà á, wọ́n sì ń wọlé bó ṣe wù wọ́n, èyí ní kí n bá òun yí tibí, ìyẹn ní kí n bá òun yọ tọ̀hún. Nígbà tó sú mi, mo so kùùkù àgbàdo àti àkísà pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà, bí bàbá mi ṣe ń pààlè sí oko rẹ̀ lẹ́bàá Akparé. Àwọn oníwèé-ẹ̀rí tí wọ́n ń gba ara Olúwa lọ́jọọjọ́ Ìsinmi kò tún yọjú mọ́.

Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Dírẹ́tọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè tuntun kan. Ọkùnrin náà fẹ́ràn oyè ju oúnjẹ lọ. Ó ní kí oyè náà wà lókè gbogbo ìwé tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, ní kíkún. Mo ní kó dúró de ẹnjiníà. Ìta ló dúró sí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára kùùkù àgbàdo. Òun tó máa ń sọ fún wa nípàdé pé ayé ti lajú!

Ó ní, "Madimọsẹ́ẹ̀lì, tú nǹkan yìí."

Mo ní ẹni tó fẹ́ wọlé ni kó tú u. Ó bá rán igbákejì rẹ̀. Ìyẹn náà kò tú u, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ bí adìẹ tó rò pé àtẹ́rígbà máa kan òun, ó sì tẹ oyè náà sínú ẹ̀rọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n lọ máa wọn òwú ní Anié.

Oyè náà gba ìlà méjì lókè, ìwé kò sì gùn sí i. Àwọn abúlé ìsàlẹ̀ jábọ́, tiwa wà lára wọn. Igbákejì kò rí i, nítorí òkè ìwé nìkan ló ń wò, níbi tí ojú ọ̀gá rẹ̀ wà. Àwọn ará ilé wa kó òwú jọ sí gbangba, wọ́n ń wo ọ̀nà. Kámíyọ̀ kò dé. Àkọ́rọ̀ òjò ló dé. Òwú yẹn sì ni ilé-ìwé àbúrò mi dúró lé.

Bàbá mi di ẹ̀kúnwọ́ òwú tí òjò ti sọ di dúdú sínú aṣọ, ó wá bá mi ní Anié. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé oyè ọ̀gá yín ló wá jókòó sáyè òwú mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn mí ju ẹkún lọ. Dírẹ́tọ̀ ní tiẹ̀ sọ pé kí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé òjò ń bọ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Irọ́ ni. Bàbá mi ló bá Dírẹ́tọ̀ ru tirẹ̀.

Nígbà tí ẹnjiníà gbé ẹ̀rọ tuntun dé, ẹ̀dà tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ló kó sínú rẹ̀. Abúlé wa padà sísàlẹ̀ ìwé. Lókè, kò sí oyè kankan. Dírẹ́tọ̀ yẹ iwájú àti ẹ̀yìn ìwé wò, ó béèrè oyè rẹ̀.

Ẹnjiníà ní, "Mùsíò, mo ti sọ ọ́. Ohun tí ẹ bá yí lẹ́yìn mi kò ní bá mi dé."

Dírẹ́tọ̀ ti kú báyìí. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní burúkú, ṣùgbọ́n mo ṣì ń kẹ́gàn rẹ̀ nínú mi. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Àbúrò mi, tí kò padà sílé-ìwé mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn, jókòó tì mí. Ó na ìwé ètò ìsìnkú sí mi pé kí n bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán. Oyè kún ibẹ̀ bámúbámú. Orúkọ nìkan ni mo kà fún un.