Burulai àti Kọ̀ǹpútà Ilé Rédíò

Kò sí ẹni tí kò mọ Burulai ní àdúgbò wa ní Naryn. Òun ni obìnrin gíga tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Bishkek, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kí ara ìyá rẹ̀ tó di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tó fi padà wálé. Bó bá ń bọ̀ lójú títì, ẹ ó rò pé ọ̀gá ọlọ́pàá ni, nítorí kì í wo ilẹ̀, kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, búrẹ́dì ni mò ń yan ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a sì jọ máa ń mu tíì bí iṣẹ́ bá dẹwọ́.

Ẹnì kan wà tí kì í dé ṣọ́ọ̀bù náà: Kalipa, tó máa ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀ lórí rédíò ìlú wa. Àwọn méjèèjì jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Kalipa fi ẹ̀rín sọ lórí rédíò pé ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá bàjẹ́, kó gbé e lọ sí Bishkek, kó má gbé e fún àwọn tó kàn ń tú nǹkan káàkiri nílùú yìí. Àwọn wo? Burulai nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà láàárín wa. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá rí ara wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀kan á sọdá.

Nígbà òtútù tó kọjá, yìnyín dí ọ̀nà orí òkè pa, ọkọ̀ kankan ò ti Bishkek wọlé mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò ẹ̀gbẹ́ ààrò mi ṣàdédé dákẹ́ láàárín orin. Kò pẹ́ sí i, Kalipa fúnra rẹ̀ sáré kọjá níwájú mi láìdé fìlà, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù Burulai. Mo bá a dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé kí n jókòó ni?

"Burulai, kọ̀ǹpútà wa ti ya wèrè. Á tàn díẹ̀, á kú. Á tún tàn, á tún kú."

"Ọ̀nà Bishkek ńkọ́?" Burulai ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Jọ̀ọ́, má ṣe mí báyìí. Ọ̀nà ti dí, ìwọ náà mọ̀. Gbogbo orin wa ló wà nínú ẹ̀, àti ohùn àwọn àgbà tá a gbà sílẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

Ìgbà yẹn ni Burulai dìde fùú. "Pa kí ni rẹ́? Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án! Ó yá, dé fìlà mi yẹn, kí òtútù má baà pa ọ́ sí mi lọ́rùn."

Àwọn méjèèjì sáré lọ sí ilé rédíò, èmi padà sídìí ààrò. Láìpẹ́, ohùn Kalipa jáde lórí rédíò mi, nítorí gbohùngbohùn wọn ò gba inú kọ̀ǹpútà kọjá.

"Ẹ̀yin ará Naryn, ẹ káàárọ̀ o. Kò sí orin. Ara kọ̀ǹpútà wa ò yá, Burulai tá a jọ lọ sílé ìwé ló ń tọ́jú ẹ̀. Burulai, kí lò ń ṣe báyìí?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Gbé nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu mi."

"Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ẹ o."

Mo rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì kan fi já bọ́ sínú iná.

"Kí wọ́n kúkú gbọ́ ọ dáadáa," ni Burulai wí. "Bí kọ̀ǹpútà bá ń jí, ó ní èrò rẹpẹtẹ, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké, tó máa ń kó dání: èyí tó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, èyí tó ń mú ohùn jáde, oríṣiríṣi. Ọ̀kan nínú wọn ló ń gbé e ṣubú. Mo fẹ́ jí i láìsí wọn, kó mú kìkì àwọn tí kò lè ṣe aláìní. Bó bá dúró, ara ẹ̀ le, èrò ló ń dà á láàmú. Bí kò bá dúró, á jẹ́ pé irin inú ẹ̀ ló bàjẹ́."

"Báwo lo ṣe fẹ́ jí i?"

"Bó ṣe ń tàn bọ̀ yìí, mò ń tẹ bọ́tìnnì F8 léraléra. Wò ó, ó ń bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kóun jí. Mo ní ipò ààbò, ìyẹn láìkó èrò rẹpẹtẹ dání."

Àwọn tó wá ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ mi ti rà á tán, wọn ò lọ.

"Ó ti tàn!" ni Kalipa ké. "Ojú ẹ̀ dúdú, lẹ́tà ẹ̀ rí gbàǹgbà gbàǹgbà, wọ́n kọ ipò ààbò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò kú o!"

"Kò ní kú. Ṣùgbọ́n kò lè kọrin báyìí. Kí lẹ fi sínú ẹ̀ láìpẹ́ yìí?"

"Kò sí."

"Kalipa."

"Ó dáa, ọ̀gá wa fi nǹkan kan tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí sí i."

Burulai yọ ọ́, ó jí kọ̀ǹpútà náà bí wọ́n ṣe ń jí i tẹ́lẹ̀. Ó kú. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù ilé rédíò dún, Bàbá Asanaaly, darandaran kan lẹ́yìn odi ìlú, ló pè.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣó ti dìde?"

"Ó tún ṣubú ni, bàbá," ni Kalipa dáhùn.

"Ẹ fún un ní wàrà ẹṣin mu, òun ló ń gbé aláìsàn dìde!"

"Ẹ máa mu tiyín lọ, bàbá," ni Burulai fèsì. "Mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀." Ó dá kọ̀ǹpútà náà padà sí ipò ààbò. "Kalipa, mo rí nǹkan mìíràn níbí o. Àná ló wọlé. Ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ohùn."



"Èmi ni," ni Kalipa wí jẹ́jẹ́. "Mo ra gbohùngbohùn tuntun, wọ́n fi díìsìkì kan sínú páálí ẹ̀, ni mo bá tì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kóhùn mi túbọ̀ dùn ni."

"Ohùn ẹ ti dùn tó tẹ́lẹ̀. Láti ilé ìwé ni."

Burulai yọ nǹkan náà, ó tún jí kọ̀ǹpútà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, orin bú jáde, ariwo ayọ̀ sì gba iwájú ààrò mi kan. Nígbà tí orin náà parí, Kalipa sọ létí gbogbo ìlú pé ọ̀rọ̀ Bishkek tóun sọ níjọ́sí, òun ti kó o jẹ.

"Mo gbọ́," ni Burulai wí. "Fi orin mìíràn sí i."

Kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi da ohùn àwọn àgbà wọ̀nyẹn kọ sórí díìsìkì mìíràn.

Burulai náà ti ní àkókò tirẹ̀ lórí rédíò báyìí. Àwọn ará abúlé ń pè é, ó ń sọ bọ́tìnnì tí wọ́n máa tẹ̀ fún wọn, Kalipa sì ń bá a jà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, kó jẹ́ kí àwọn gbọ́ orin.