Ẹsẹ̀ Kan Gba Ìtọ́jú, Ìkejì Ń Dúró

Irun ni mò ń dì ní Manigri, lábẹ́ àtíbàbà kan létí títì. Ẹni tí wọ́n ń dirun fún ló ń jókòó, ẹni tó ń dì í kì í jókòó. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì ni iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́sẹ̀ mi méjèèjì. Lẹ́yìn ìkẹta, ó ti lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìtàkùn iṣu, ó sì wú kókó-kókó láti abẹ́ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹsẹ̀ náà á wúwo, á máa gbóná, á máa yún mi. Mo wá ń ró ìró mi dé ilẹ̀ kí oníbàárà má baà rí i.

Nígbà tí mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Bassila, ọkùnrin tó yẹ̀ mí wò kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Fàríìsì ni, iṣan tó wú ni," ni ó wí. "Àwọn obìnrin tó ti bímọ máa ń ní i. Ẹ máa sinmi."

"Irun ni mò ń dì, dókítà."

"Ẹ máa jókòó dì í."

Mo wò ó títí. Ó dájú pé kò tíì dirun fún ẹnikẹ́ni rí. Ó kọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn fún mi, irú èyí tó ń fún ẹsẹ̀ mọ́ra. Mo wọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́, ó sì ràn mí lọ́wọ́, n kò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí oòrùn wá ń jó bí iná, ọ̀sán kì í pọ́n kí n tó bọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀ kò yé sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ ló kóra jọ síbẹ̀, kí n jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i kó lè ṣàn dànù. "Ìyàwó mi, gbẹ́rẹ́ kékeré báyìí ni, kò ní dùn ọ́." N kò lè bá ìyá ọkọ jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí wọ́n sín in, inú sì ń bí mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń wẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá etí garawa. Kò dùn mí tó ohun tí mo lè kígbe sí. Àfi bí mo ṣe wolẹ̀ tí mo rí i pé omi tó wà lẹ́sẹ̀ mi ti pọ́n. Ojú ibi tí iṣan ti wú ni ẹ̀jẹ̀ ti ń tú jáde, bí omi tó ń jáde lára rọ́bà tó lu. Mo figbe ta. Ọkọ mi sáré wá, ó gbé mi jókòó sórí àga, ó fi aṣọ di ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ìyá rẹ̀ dúró tì wá, ó ní, "Ṣé mo wí? Ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá ọ̀nà tipẹ́."

Agbẹ̀bí kan tó ń gbé nítòsí wa ló gbọ́ ariwo tó fi wọlé.

"Ta ló ní kó jókòó? Ẹ dá a dùbúlẹ̀! Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè!"

Wọ́n dojú odó kan délẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé e. Agbẹ̀bí náà fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti fi ẹsẹ̀ yìí hàn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lè bẹ́, tàbí ohun tí mo lè ṣe bó bá bẹ́.

Agbẹ̀bí ló ní kí a má fi mọ bẹ́ẹ̀, kí a lọ sí Parakou. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo iṣan ti bàjẹ́. Ìgbà kejì, ẹ̀rọ ti dára, ṣùgbọ́n dókítà iṣan tó máa ń ti Cotonou wá kò wá. Mo bi ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé kí ló dé tí wọn ò fi pè wá.

"Ẹ ò fi nọ́mbà yín sílẹ̀."

"Ẹ ò bi mí!"

Ọkọ mi fà mí lápá kí n má baà sọ èyí tó kù.

Ìgbà kẹta ni a tó bá dókítà náà. Faransé ni ó ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó lè yé mi. Ó fi ẹ̀rọ náà tẹ ẹsẹ̀ mi, ó fi ẹ̀jẹ̀ mi hàn mí lójú tẹlifísọ̀n kékeré kan. Ó ní ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń gòkè padà sísàlẹ̀, pé tèmi ni kò tì dáadáa mọ́.

"Ṣé ẹ máa la ẹsẹ̀ mi ni?"

"Rárá, màmá. Tẹ́lẹ̀ a máa ń là á, a ó fa iṣan náà yọ. Nísinsìnyí, abẹ́rẹ́ la fi ń wọlé. A lè fi iná ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní lásẹ̀ jó iṣan náà láti inú kó lè pa dé, ṣùgbọ́n Cotonou ni ìyẹn wà. A sì lè fa oògùn tó ń hó bí ọṣẹ sínú rẹ̀, kí ara rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Èyí ni mo lè ṣe lónìí."

"Bí ẹ bá dí iṣan, ibo ni ẹ̀jẹ̀ máa gbà?"

"Iṣan ńlá wà nínú lọ́hùn-ún. Àwọn ló ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Èyí tó bàjẹ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ ló kàn ń dá padà."

Kí ó tó pé àkókò tí n ó fi dirun ọmọdé kan tán, ó ti ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún parí. Ó dùn mí díẹ̀, bí ìgbà tí èèrà bá bu ènìyàn jẹ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, inú mi ò sì dùn. Mo ń ro gbogbo ọdún tí mo ti fi ń ró ìró balẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni.

Ó di ẹsẹ̀ náà, ó fa ìbọ̀sẹ̀ bò ó. Ó ní kí n má lọ dùbúlẹ̀ sílé, kí n máa rìn. Pé bí a bá ń lọ nínú mọ́tò, kí n máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà nasẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì.

A ti kúrò ní Djougou tí mo fi bẹ awakọ̀ pé kó dúró díẹ̀.

"Ṣé ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n yín?"

"Rárá."

"Ìtọ̀ ńkọ́?"

"Rárá. Mo fẹ́ rìn ni."

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ní, "Màmá, bí ẹ bá fẹ́ rìn, kí ló dé tí ẹ wọ mọ́tò?"

Ọkọ mi ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́. Ó di Pénéssoulou, níbi tí obìnrin kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò iṣu rẹ̀, kí n tó ráyè bọ́ sílẹ̀. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, awakọ̀ ń fun fèrè lé mi lórí.

Bí a ṣe délé, ìyá ọkọ mi ti tẹ́ ẹní. "Wá sùn, ìyàwó mi."

"Ìyá, wọ́n ní kí n máa rìn ni."

"Ta ló ń gba abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀ tó tún ń rìn kiri?"

Mo ń yí àgbàlá po, ó ń tẹ̀ lé mi, ó ń bẹ̀ mí kí n má pa ara mi. Mo gbọ́ tí aládùúgbò kan wí lẹ́yìn ọgbà pé àìsàn náà ti kúrò lẹ́sẹ̀, ó ti gun orí.

Iṣan náà le bí okùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ṣì dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wú mọ́, kò sì wúwo mọ́ lálẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ló kù. Nígbà tí mo padà lọ fún un, wọ́n ní dókítà náà kì í wá sí Parakou mọ́. Ta ni yóò rọ́pò rẹ̀? Wọn ò mọ̀. Kí n gbìyànjú Cotonou. Ọkọ mi ní kí ìkórè kajú kọjá ká tó sọ ọ́. Kajú ti kọjá, ó tún ní iṣu ló kù báyìí.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tó ń din àkàrà nítòsí àtíbàbà mi ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ hàn mí. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sókè bó bá bẹ́, abẹ́rẹ́, oògùn tó ń hó, ìrìn.

Ó fara balẹ̀ gbọ́. Ó wá ní, "Níbo ni n ó ti rí wọn kí wọ́n ṣe é fún mi?"

Mo ní Cotonou. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sọ ìró rẹ̀ sílẹ̀, ó sì padà sídìí àkàrà rẹ̀.