Koríko Tí Wọ́n Dojú Rẹ̀ Dé

Ohun tí etí Ṣàíbù kọ́kọ́ mọ̀ láyé kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ìró ìgbálẹ̀ ni: ṣàrà, ṣàrà, ṣàrà. Wàsílátù ìyá rẹ̀ a máa gbá àgbàlá wọn ní Ìṣẹ̀rí-Olófin kí oòrùn tó yọjú, Ṣàíbù á wà lórí ẹní, á máa gbọ́ ọ bó ṣe ń súnmọ́ fèrèsé, tó tún ń jìnnà. Bí ìyá náà bá gbálẹ̀ tán, ilẹ̀ á mọ́ débi pé adìẹ á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ṣàíbù dàgbà, ó di ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ nílé iṣẹ́ ọ̀dà kan n'Íkẹjà, ó sì kọ́lé sí Ìgàndó. Lọ́dún 1991 tí à ń wí yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń gba oorun lójú rẹ̀. Ilé amọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń gbé ní Ìṣẹ̀rí ti là láti òkè délẹ̀, ògiri ẹ̀yìn ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ sọ òfófó sí ẹnìkejì létí. Bí òjò ọdún yẹn bá bá ìyá nínú rẹ̀, àfàìmọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàkúùgbà tí Ṣàíbù bá ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, èsì kan náà ni.

“Iyanrìn ilé rẹ pọ̀ jù, Ṣàíbù. Atẹ́gùn ń gbé e wọ̀ mí lójú. Kí ni n ó tiẹ̀ máa fi àárọ̀ ṣe níbẹ̀?”

Iyanrìn nìkan ni Ṣàíbù gbọ́.

Ó ti rí koríko níwájú ilé ọ̀gá rẹ̀ n'Íkẹjà, ó tutù minimini, ó bo ilẹ̀ tí eruku ò rí ibi gbà. Òun náà á gbin irú ẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ Abraham lọ, ọkùnrin tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì n'Ẹ́gbẹ́dá.

“Ṣé hóró lẹ fẹ́ ni, àbí èyí tó ti hù?” ni Abraham bi í. “Hóró, ẹ ó fọ́n ọn, ẹ ó wá ṣe sùúrù. Èyí tó ti hù, a ó gé e ní abala abala tòun ti erùpẹ̀ ìdí ẹ̀, ẹ ó kàn tẹ́ ẹ bí ẹní ni. Ẹni tó bá ń kánjú ló ń ra ìyẹn.”

Ṣàíbù ní òun ní sùúrù. Ó gba hóró, ó fọ́n ọn káàkiri lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ wá kí wọn. Kí Ṣàíbù tó ti mọ́ṣáláṣí dé, ìyá ti gbá iwájú ilé mọ́ tónítóní, ó sì ti da ohun tó gbá jọ fún àwọn adìẹ Ṣóbọ̀wálé, aládùúgbò wọn.

“Ìyàwó rẹ da jéró sílẹ̀,” ni ìyá wí. “Má bá a wí o. Mo ti bá a gbá a.”

Nùsírátù, ìyá Sàúdátù, ìyàwó tí wọ́n ń bá bẹ̀bẹ̀, kọjú sí ògiri kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ṣàíbù padà sọ́dọ̀ Abraham láìsọ̀rọ̀ sùúrù mọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ kó koríko wá, wọ́n tẹ́ ẹ láti ẹnu géètì dé ìdí fèrèsé yàrá tó ti fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ṣóbọ̀wálé fara ti ògiri, ó ń wò wọ́n.

“Bàbá Sàúdátù, koríko lẹ rà? Ẹ ò bá ti sọ fún mi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ wà lẹ́yìn ilé mi, ẹ kàn máa bọ̀ tẹ̀yin tọkọ́.”

“Ẹ jẹ́ kó mú ilẹ̀ ná, ẹ ó wá máa jowú.”

“Èmi? Àwọn adìẹ mi ló ń béèrè yín. Wọ́n ní ìgbà wo lẹ tún máa fọ́n jéró.”

“Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bínú jàre.”

Lọ́jọ́ kejì, Ṣàíbù ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó wá wò ó, iyanrìn ti tán. Nígbà tí ìyá dé, kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Ṣàíbù wà níbi iṣẹ́, Nùsírátù sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Ṣàíbù dé ní ìrọ̀lẹ́, ńṣe ló dúró lẹ́nu géètì. Gbogbo koríko rẹ̀ ti dojú bolẹ̀. Gbòǹgbò ló wà lókè, oòrùn ti ń yan án bọ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń fi omi fọ erùpẹ̀ èékánná, inú rẹ̀ dùn.

“Ẹni tó bá ọ roko ò mọṣẹ́,” ni ó wí. “Ó ro ó tán, ó wá fi ojú koríko sókè, kó lè tún ta gbòǹgbò. Mo ti bá ọ dojú gbogbo ẹ̀ dé. Tó bá gbẹ, ká kó o dànù.”

Ṣàíbù bẹ̀rẹ̀, ó gbé abala koríko kan wò. Ẹ̀kọ́ oko gidi ni ìyá sọ. Òun gan-an ti jẹ ìkó lórí nítorí ẹ̀ rí, nígbà tó wà lọ́mọdé.

“Ìyá, ńṣe ni mo gbìn ín.”

“Gbin kí ni?”

“Koríko. Torí yín ni, torí iyanrìn.”

Ìyá wò ó títí. “Ilé tí koríko bá hù níwájú ẹ̀, onílé ti kú nìyẹn. Ṣé o ti kú ni?”

“Mi ò tíì kú, Ìyá.”

Nùsírátù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé sá wọ ilé ìdáná. Wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń húkọ́ níbẹ̀, ikọ́ tí kò jọ ikọ́.

“Ṣàíbù,” ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Tí koríko bá bo gbogbo ilẹ̀, kí ni n ó máa gbá láàárọ̀?”

Ṣàíbù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ìbéèrè náà.

Nígbà tí ìyá wọlé lọ kírun, Ṣàíbù bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó dojú àwọn koríko tó kù díẹ̀ kó kú padà sókè, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Ṣóbọ̀wálé. Èyí tó wà níwájú fèrèsé ìyá, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Ohùn ìyá jáde láti inú yàrá náà.

“Èyí tó o kó sẹ́yìn yẹn, dojú wọn dé o. Nùsírátù, ibo ni n ó gbé àpótí aṣọ mi sí níbí?”

Ṣàíbù padà lọ sẹ́yìn, ó dojú wọn dé. Lẹ́yìn náà ó wọ́n omi sí ilẹ̀ ìdí fèrèsé, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le. Ó mú ìgbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí a kì í gbálẹ̀ lálẹ́. Ó gbá a láti géètì wá sí ìdí ògiri ilé, ó ń fi ẹ̀yìn rìn kó má baà tẹ ibi tó ti gbá. Ó gbá a tán, ó fi ìgbálẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó sì lọ fọ ẹsẹ̀.