Òdòdó Ìdí Fẹ́ǹsì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà: irọ́ ni mo pa fún ìyá mi. N kò la ẹnu pa á, ṣùgbọ́n irọ́ náà ni, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí àbíkẹ́yìn wa kú. Kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú un lọ. Akobo ni ilé wa, igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ nígbà náà. Nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ tó kú ṣáájú wọn. Wọ́n ní kí bàbá àti ìyá mi jókòó sínú yàrá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì gbé ọmọ náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé omi wá tí wọn yóò fi fọ ọkọ́. Bí mo ṣe mọ ibẹ̀ nìyẹn.

"Bí ìyá rẹ bá bi ọ́," ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "o ò mọ nǹkan kan o." Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Màmá kò bi mí. Wọ́n kàn ń rìn kiri àgbàlá láràárọ̀ ni, wọ́n ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ. A ó pè wọ́n tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dáhùn. Ẹ̀rù wọn ń bà mí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún kejì, òdòdó kan yọ lórí ibi tí àbúrò mi wà gan-an. Kò ní ewé. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba inú ilẹ̀ jáde, òdòdó aláwọ̀ àlùkò tò sí i lára, ètè ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀, ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ahọ́n ọmọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí i, wọ́n bẹ̀rù kí Màmá má baà fi í dá ibẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní kí n hú u dànù kí Màmá tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Mo hú u. Ó ní iṣu kéékèèké nídìí, bí ọmọ kókò. Ṣùgbọ́n kò ṣeé jù nù lójú mi, nítorí ibi tó ti wá. Mo gbé e lọ sí ìdí fẹ́ǹsì, mo rì í mọ́lẹ̀, mo bomi rin ín. Òmùgọ̀ ọmọ. Mo rò pé kò ní yè.

Ó yè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Màmá bá a níbẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ tì í. "Ibí ni wọ́n gbé e sí," wọ́n sọ fún mi. "Má dá mi lóhùn, mo mọ̀. Ta ló gbin òdòdó síbí?" Ọjọ́ náà ni wọ́n jẹun tán nínú àwo wọn. Ṣé èmi ló wá yẹ kí n sọ pé kì í ṣe ibẹ̀? Mo panu mọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko sọ fún mi pé ọ̀kan lára àwọn tí òyìnbó ń pè ní ọ́kíìdì ni, èyí tó ń gbé ilẹ̀, àti pé bí èèyàn bá ṣí wọn nípò, wọ́n sábà máa ń kú. Mo ní ó dáa.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí Màmá rí òdòdó náà, bàbá mi kọ́ kíṣìnnì tuntun sí ẹ̀yìnkùlé. Bíríkìlà ta okùn rẹ̀ kọjá lórí ibi tí àbúrò mi wà gan-an. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí, èmi náà wò wọ́n. Wọ́n da kọnkéré lé e. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi gbé àṣírí tiwọn lọ sọ́run, wọ́n fi tèmi sílẹ̀ fún mi.

Orí ọmọ wọn ni Màmá ti dáná títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Láràárọ̀ wọ́n á kọ́kọ́ lọ kí ìdí fẹ́ǹsì, wọ́n á wá wọlé wá da ògì. Nígbà mìíràn wọ́n á ní ẹsẹ̀ àwọn ń tutù nítòsí sítóòfù, wọ́n á sún sẹ́yìn. Mo ra bàtà inú ilé fún wọn. Ojú tì mí bí mo ṣe ń sanwó rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi ni kí ẹ sin mí sí. Ó ti dá sùn tó." Ó yẹ kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n inú wọn ń dùn sí ibi tí wọ́n ń lọ. Mo ní, "A ti gbọ́, mà."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Màmá kú. Àwọn ọkùnrin méjì tó wá gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdí fẹ́ǹsì bi mí bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀, kí àwọn lè rọra. Mo ní ọmọdé kan wà níbẹ̀. Ni wọ́n bá ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wá a. Nígbà tó pẹ́, èyí àgbà gbójú sókè.

"Àwa ò rí nǹkan kan o, mà."

Mo ní egungun ọmọdé kì í pẹ́ nílẹ̀. Ó ní òótọ́ ni. Àwọn méjèèjì ṣí fìlà, wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá àtọmọ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín.